Lọ́wọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà?

Àgádágodo tuntun la bá lẹ́nu géètì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà. Èyí tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti dípẹtà, ó sì máa ń há nígbà òjò. Tuntun yìí tóbi tó ọwọ́ ọmọdé, ó ń dán. Wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́ géètì: ilé iṣẹ́ ti kógbá wọlé, kí oníkálukú máa lọ sílé títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè wá. Wọn ò ránṣẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nídìí ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike di korobá àti kẹ́ẹ̀gì. Mo mọ ariwo tí ẹ̀rọ kejì máa ń pa bó bá fẹ́ dákú. Mo mọ̀ ọ́n ju ẹni tó rà á lọ. Síbẹ̀, èmi àti àwọn bí ọgọ́fà mìíràn dúró lẹ́bàá títì lọ́jọ́ náà, bí àlejò tó wá kí ẹni tí kò sí nílé.

Wọ́n jẹ wá lówó oṣù méjì, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni ìbéèrè tí ìyá kan lára wa béèrè, ìyá tó ń gé etí korobá bó bá ti ti inú ẹ̀rọ jáde. Ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, kí ló dé gan-an? Ṣé ọjà ni ò tà, àbí gbèsè ni?” Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Àwa la ṣe ọjà, àwa la kà á, àwa la kó o sínú ọkọ̀. A ò mọ iye tí wọ́n ń tà á, a ò mọ iye tí wọ́n yá, a ò mọ ẹni tí wọ́n jẹ.

Àwọn àgbà ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Gbogbo ilé iṣẹ́ tí mo mọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, n kò sì rò pé ó tún lè rí bí mìíràn, àfìgbà tí mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Trade Fair, lójú ọ̀nà Badagry, níbi tó ti ń ta páàtì mọ́tò. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé ọjà òní ló jókòó sínú ilé àná. Ṣọ́ọ̀bù kún gbogbo ilẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbójú sókè, ẹ ó rí àwọn ilé ńláńlá tí kò jọ ilé mìíràn nílùú Èkó, kọnkéré tí òjò ọdún pípẹ́ ti pa láró. Bàbá kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ló sọ fún mi pé àwọn ará Yugoslavia ló kọ́ ọ, ilẹ̀ kan ní Yúróòpù tó ti fọ́ sí Serbia, Croatia, Slovenia, Bosnia àti àwọn mìíràn báyìí.

Òótọ́ ni. Energoprojekt, ilé iṣẹ́ ìkọ́lé láti Belgrade, olú ìlú Yugoslavia, ló kọ́ ọ fún ìpàtẹ ọjà àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Èkó lọ́dún 1977. Zoran Bojović, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán ilé wọn, ló yà á. Ibi tí mo ti ń tọpa ìtàn wọn ni mo ti rí ohun tó dá mi dúró: nígbà náà, ilé iṣẹ́ yìí kò ní olówó kan tó ni ín. Ìjọba pàápàá kò ni ín. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ wọn, àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ ló ń dìbò yan ìgbìmọ̀ tí yóò darí rẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún wo kọnkéré yẹn.

Ìjà ló bí òfin yẹn. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì tó ń ṣèjọba Yugoslavia, tí Tito jẹ́ olórí rẹ̀, ń tọ ipasẹ̀ Rọ́ṣíà lẹ́sẹẹsẹ: ìjọba gba ilé iṣẹ́, ìjọba ń pàṣẹ iye tí wọn yóò ṣe àti iye tí wọn yóò tà á. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1948, Stalin, olórí Rọ́ṣíà, àti àwọn tirẹ̀ lé wọn kúrò nínú àjọ àwọn ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, wọ́n sì dẹ́kun kátà-kárà pẹ̀lú wọn. Àwọn tó yí Tito ká, Edvard Kardelj, Boris Kidrič àti Milovan Djilas, wá ní ọ̀ràn méjì lọ́rùn: báwo ni wọn yóò ṣe jẹun, báwo ni wọn yóò sì ṣe sọ pé àwọn ṣì jẹ́ sósíálíìsì nígbà tí ẹni tó ni orúkọ náà ti lé wọn jáde? Wọ́n padà sídìí ohun tí Karl Marx, tí èrò àwọn Kọ́múníìsì ti wá, kọ, wọ́n sì rí i níbẹ̀ pé àwọn tó ń ṣe ọjà ló yẹ kó para pọ̀ darí iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní Rọ́ṣíà ló ṣìnà, torí ibẹ̀, ìjọba ló wá di ọ̀gá tuntun lórí òṣìṣẹ́.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1949 ni àṣẹ jáde pé kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá 215. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, wọ́n yan èyí tó ṣáájú ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Prvoborac ní Solin, nítòsí ìlú Split létí òkun. Mo máa ń fojú inú wo àwọn èèyàn náà, kí eruku funfun bo ìpéǹpéjú wọn bí ti àwọn tó ń já sìmẹ́ǹtì ní páàkì wa, kí wọ́n na ọwọ́ tó ti le sókè láti sọ ẹni tí yóò máa sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1950, ó di òfin fún gbogbo ilẹ̀ náà.

Òfin yẹn yé mi, torí mo kà á bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí. Ìgbìmọ̀ òṣìṣẹ́ yóò ní ènìyàn 15 sí 120. Níbi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 30, gbogbo wọn ni ìgbìmọ̀. Àwọn ni yóò yan àwọn díẹ̀ tí yóò máa bójú tó iṣẹ́ ojoojúmọ́ pẹ̀lú dáírẹ́tọ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn díẹ̀ yìí, ó kéré tán, sì gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ọjà. Ọdún kan ni wọn yóò lò. Ẹni tó bá ṣe é bí kò ṣe yẹ, àwọn tó yàn án lè yọ ọ́. Èyí tó wá mú mi lọ́kàn jù ni pé ìgbìmọ̀ yìí ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìṣirò owó òpin ọdún. Ìyá tó ń gé etí korobá lè jókòó sí ìpàdé kó ní, “Ẹ ṣí ìwé yẹn, ẹ kà á fún mi.”

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀run sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 1949 kan náà tí wọ́n dìbò ní Solin ni wọ́n ṣí ọgbà ẹ̀wọ̀n sórí erékùṣù Goli Otok fún àwọn tí wọ́n fura sí pé ọkàn wọn wà lọ́dọ̀ Stalin. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà, òun náà ló sì ń yan dáírẹ́tọ̀ láti òkè. Djilas fúnra rẹ̀, tó wà lára àwọn tó ro èrò yìí jọ, di ẹlẹ́wọ̀n lọ́dún 1956 nítorí ohun tó sọ àti ohun tó kọ. Síbẹ̀, láàrin 1953 sí 1960, ọrọ̀ ajé wọn wà lára àwọn tó ń yára dàgbà jù lágbàáyé. Àwọn tó jẹ́ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni bàbá wọn ń sùn ń rí ilé gbà láti ibi iṣẹ́, ìgbìmọ̀ òṣìṣẹ́ ló sì ń jókòó sọ ẹni tó kàn.

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1958, àwọn awakùsà èédú ní Trbovlje, ní Slovenia, gbé irinṣẹ́ wọn kalẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló daṣẹ́ sílẹ̀, nítorí owó. Ta ni òṣìṣẹ́ ń daṣẹ́ sílẹ̀ fún bó bá jẹ́ òun náà ni ọ̀gá? Àwọn aláṣẹ ò rí ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn, wọ́n kàn yára fi kún owó wọn ni.

Àtúnṣe tó tóbi jù dé lọ́dún 1965. Wọ́n ní kí ìjọba yọwọ́, kí ọjà máa sọ iye tí nǹkan tó, kí ilé iṣẹ́ máa di púpọ̀ nínú èrè rẹ̀ mú, kí báǹkì máa yáni lówó. Bí èèyàn bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, yóò ní ìgbìmọ̀ òṣìṣẹ́ ti gba agbára tuntun. Ṣùgbọ́n owó tó kúrò lọ́wọ́ ìjọba, ọ̀dọ̀ báǹkì ló gbà lọ, ẹni tó sì mọ ọ̀nà báǹkì ni dáírẹ́tọ̀ àti àwọn oníṣirò rẹ̀. Veljko Rus ní Slovenia àti Josip Županov ní Croatia, onímọ̀ nípa àwùjọ ni àwọn méjèèjì, ṣe ìwádìí nínú àwọn ilé iṣẹ́: ọ̀rọ̀ ta ló wúwo jù níbí? Ohun tó jáde ni pé dáírẹ́tọ̀ àti àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ló wà lókè, òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ ló wà nísàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá kan owó oṣù tàbí ilé gbígbé, ìpàdé á gbóná. Bó bá kan ẹ̀rọ tuntun tàbí gbèsè tí wọn yóò jẹ, dáírẹ́tọ̀ á sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á nawọ́.

Ìwádìí yẹn bà mí nínú jẹ́, torí mo ti nawọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún méjì ṣáájú àgádágodo tuntun yẹn, wọ́n pe àwa aṣojú òṣìṣẹ́ mẹ́ta sí ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, wọ́n fún wa ní mínírà, wọ́n sì fi ìwé olójú-ewé mọ́kànlá síwájú wa, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, ìṣirò ló kún inú rẹ̀. Wọ́n ní àtúntò díẹ̀ ni, pé kí a fọwọ́ sí i kí aago méjì tó lù, ọkọ̀ lọ́yà ń dúró. Mo ṣí ojú-ewé kìíní, mo ṣí ìkejì. Ojú ń tì mí láti béèrè. Mo fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà la wá gbọ́ pé ìwé yẹn ni wọ́n fi sọ àwọn ogójì nínú wa di kásúà. Kò sẹ́ni tó fi ìbọn dí mi lójú. Wọ́n fún mi ní ìjókòó, wọ́n fún mi ní bírò, àyè láti mọ ohun tí mò ń ṣe nìkan ni wọn ò fún mi. Nígbà tí mo ka ohun tí Rus rí, mo mọ àwọn èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ wọn.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń yin ètò yìí kì í dúró lé lórí tó bó ṣe yẹ. Ìbò inú ilé iṣẹ́, ti ẹni tó ti wà nínú ilé iṣẹ́ ni. Ẹni tó dúró lẹ́yìn géètì kò ní ìbò kankan. Bí èrè bá sì wà nílẹ̀ láti pín, tí àwọn tó fẹ́ pín in jẹ́ igba, kí ló máa mú wọn gba àádọ́ta mìíràn wọlé? Ènìyàn bíi tiwa ni wọ́n. Lẹ́yìn 1965, iṣẹ́ di ọ̀wọ́n, ìjọba ṣílẹ̀kùn, àwọn ọ̀dọ́ sì rọ́ lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì àti Austria. Wọ́n bá Jámánì fọwọ́ sí àdéhùn lórí rẹ̀ lọ́dún 1968, nígbà tó sì fi di 1973, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun ti ń lọ sí mílíọ̀nù kan. Ilẹ̀ tó ní òṣìṣẹ́ ni ọba ń kó òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ fún àwọn olówó ilẹ̀ mìíràn. Nínú ilé pàápàá kò dọ́gba: ní Slovenia, ẹni tó ń wáṣẹ́ kò pọ̀, ní Kosovo, wọ́n kún ojú pópó. Lóṣù kẹfà ọdún 1968, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Belgrade gba ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n ń pariwo pé àwọn olówó tuntun ti jẹ jáde lábẹ́ àsíá pupa. Tito bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní òótọ́ ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu wọn, wọ́n sì tú ká.

Ohun tí ìjọba wá ṣe sí i ni pé ó bu òfin lé òfin. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1974 ní abala 406. Òun àti òfin 1976 tó tẹ̀ lé e gé ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀ka kéékèèké, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tirẹ̀ àti ìwé àdéhùn tirẹ̀. Ìpàdé wá pọ̀ débi pé ó rẹ èèyàn. Lójú tèmi, bí ìwé bá ti ga ju ẹni tó fẹ́ kà á lọ, ẹni tó kọ ọ́ náà ló ṣì di agbára mú.

Tito kú lóṣù karùn-ún ọdún 1980. Gbèsè tí ilẹ̀ náà jẹ lókè òkun tó bílíọ̀nù 20 dọ́là, àwọn olówó sì ń béèrè. Owó oṣù ò ra nǹkan mọ́. Lọ́dún 1987 àwọn awakùsà Labin, ní Croatia, daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé lóṣù kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bàtà Borovo wọ ọkọ̀ lọ sí Belgrade, wọ́n sì ya wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nínú wọn ni ọmọ Serbia wà, nínú wọn ni ọmọ Croatia wà. Ebi ò bi wọ́n ní ẹ̀yà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 1988 kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ Rakovica, ládùúgbò Belgrade, kóra jọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Slobodan Milošević, olórí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ní Serbia, sì jáde bá wọn sọ̀rọ̀. Títí dòní, ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa ọjọ́ náà ni pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé, ọmọ Serbia ni wọ́n nígbà tí wọ́n ń lọ. Mi ò lè ka ìtàn yẹn kí n má dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Àwa náà mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ẹ̀wù ebi kúrò lọ́rùn èèyàn, kí wọ́n fi ẹ̀wù ẹ̀yà wọ̀ ọ́.

Kí ogun tó fọ́ ilẹ̀ náà tó dé, òfin ti yí padà. Òfin ilé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lóṣù kejìlá ọdún 1988 ṣí ọ̀nà fún olówó láti wọlé bí olóhun. Ibí ni mo ti rí ihò tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Dúkìá àwùjọ ni wọ́n pe ilé iṣẹ́ wọn: kì í ṣe ti ìjọba, kì í ṣe ti àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀, ti gbogbo ayé ni. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ di ta la fẹ́ tà á fún, kò sí òṣìṣẹ́ tó lè mú ìwé jáde pé tèmi rèé, ogójì ọdún rèé tí bàbá mi àti èmi fi kọ́ ọ. Ó dà bí ewúrẹ́ àjọni tí ebi pa kú sórí ìso, tí oníkálukú rò pé ẹlòmíràn ti fún un léwé. Láwọn ọdún 1990, nínú èéfín ogun, àwọn tó súnmọ́ àwọn alágbára gba ilé iṣẹ́ lówó pọ́ọ́kú. Òmíràn, wọ́n tú ẹ̀rọ inú rẹ̀ tà bí irin àlòkù.

Ìtàn tí mo fi ń gba ara mi níyànjú ni ti Dita ní Tuzla, ní Bosnia, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ ìfọṣọ. Wọ́n ta Dita, gbèsè bò ó mọ́lẹ̀, owó oṣù ò wọlé. Dípò kí àwọn òṣìṣẹ́ túká bíi tiwa, wọ́n ṣọ́ ilé iṣẹ́ náà tọ̀sán tòru kí ẹnikẹ́ni má baà kó ẹ̀rọ jáde. Àwọn wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìwọ́de tó gba Bosnia kan lóṣù kejì ọdún 2014. Lọ́dún 2015, wọ́n tan ẹ̀rọ padà fúnra wọn, wọ́n tún ń ṣe ọṣẹ. Lẹ́yìn náà, ilé ìtajà ńlá kan nílùú wọn rà á, èyí sì kọ́ mi pé kò sí ibi tí ìtàn bẹ́ẹ̀ ti ń dúró sójú kan. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣọ́ géètì yẹn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ìgbà Yugoslavia. Wọ́n ti gbé níbi tí wọ́n ti ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé òun ló ni ibẹ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ pátápátá. Wọ́n gbà á gbọ́ tó láti sun ẹnu géètì.

Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń sọ fún mi pé kí n fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ó ní ilẹ̀ náà ti fọ́, ètò náà ti kú. Mo máa ń dá a lóhùn pé ibi tí wọ́n ti tì mí mọ́ta, olówó kan ṣoṣo ló ni ín, kò sí ìgbìmọ̀ kankan níbẹ̀, ó sì kú náà. Kò sẹ́ni tó tìtorí rẹ̀ sọ pé kí ẹnì kan má dá ilé iṣẹ́ ní mọ́.

Àwa mẹ́tàlélógún nínú àwọn tó dúró níwájú àgádágodo yẹn dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Ó pẹ́ kí owó tó jọ. A ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lọ ike àlòkù, a sì gba àyè kan. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló wà, ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n wà, lóṣù mẹ́ta mẹ́ta la sì ń pààrọ̀ àwọn tó ń dì í mú. Èmi ni akọ̀wé. Ní òpin oṣù, mo máa ń ka ìwé owó sókè, ní Yorùbá, nọ́ńbà kan lẹ́yìn òmíràn, ìyá tó ń gé etí korobá yẹn ló sì máa ń jókòó síwájú. Lóṣù tó kọjá, ó dá mi dúró lórí owó dísù. Ó ní ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, báwo lówó dísù ṣe wá lọ sókè? Wákàtí kan gbáko la lò lórí rẹ̀, a sì rí àṣìṣe níbẹ̀. Èmi ni mo ṣe é. Mo tún un kọ lójú gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan wà tó ń bá wa ṣa ike, tí wọ́n ń yọ ìdérí kúrò lára ìgò, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́. Owó ojúmọ́ la ń san fún wọn. Bí a bá ń ṣèpàdé, ìta ni wọ́n máa ń wà, lórí àpò ike, wọ́n á máa dúró kí a parí. Ó tó ọdún kan báyìí. Bí mo ṣe ń kọ nípa àwọn tó wà lẹ́yìn géètì ní Yugoslavia ni ojú wọn ń wá sí mi lọ́kàn. Mo ti mẹ́nu bà á fún àwọn kan, wọ́n ní ìpín wa yóò kéré. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò kéré, mo ti ṣírò rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìpàdé tó kàn. Mo ti kọ orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè pátápátá nínú ohun tí a fẹ́ jíròrò, ṣáájú ọ̀rọ̀ dísù.